Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Jíjìn Ọ̀nà àti Àkókò

 

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan, bóyá ìwàásù ni wọ́n ń retí. Ìwàásù kò níí ṣàìsí níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ni a fẹ́ kọ́kọ́ kọ́, irú èyí tí wọ́n kọ́ wa lórí àga onígi inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní òkè òkun lónìí. Bí a bá bi òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ti jìnnà tó, ìdáhùn tí à ń gbọ́ ni pé, "Kò jìnnà mọ́. Wákàtí mẹ́fà péré ni." Irọ́ kọ́ ni ìdáhùn náà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òtítọ́, ohun tí ó sì ṣẹ́ kù nínú òtítọ́ náà ti gba ohun kan lọ́wọ́ àwa fúnra wa tí owó kò lè rà padà. Èyí ni ẹ̀kọ́ wa tòní.

Ìkíní: Bí àwọn ará ìṣáájú ṣe ń wọn ọ̀nà

Àwọn baba wa kò fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Bí àlejò bá béèrè bí ìlú kan ti jìnnà tó, ẹsẹ̀ àti oòrùn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Wọn a ní ẹni tí ó bá gbéra ní àkùkọ ìdájí yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Tàbí pé ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, àti pé ibi báyìí ni kí ó sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bákan náà ni ó rí nínú Bíbélì. Nígbà tí Lábánì fẹ́ ya agbo ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Jákọ́bù, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sí àárín wọn. Nígbà tí Lúùkù sì fẹ́ fi hàn bí Òkè Ólífì ti súnmọ́ Jerúsálẹ́mù, ìwọ̀n ìrìn ọjọ́ ìsinmi ni ó lò. Ọgbọ́n wà nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ wọn ọ̀nà mọ iye ọjọ́ tí ọ̀nà náà yóò mú kúrò nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí àwọn baba àti ẹ̀gbọ́n wa ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀. Ọkọ̀ Aureol, tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, bẹ̀rẹ̀ sí ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó ní ọdún 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń lò lójú omi, tí yóò sì máa yà ní àwọn èbúté bíi Freetown àti Takoradi. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun lọ, àwọn tí ó dúró ní èbúté Àpápá tí wọ́n ń juwọ́ sí i náà sì mọ̀ pé ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ara rẹ̀ jẹ pé ọ̀nà náà kò jìn.

Ìkejì: Òwú lórí gúlóòbù

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa gbé gúlóòbù kan wọlé, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó sì mú òwú ìránṣọ dání. Ó ní kí a sọ bí Èkó ti jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó. Ọ̀kan nínú wa sáré lọ síbi àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni ó sọ fún yín pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní?" Ó fi ìka tẹ orí òwú náà mọ́ Èkó, ó na ìyókù dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fà á le. Ó wá sọ fún wa pé ọ̀nà tí òwú bá gbà nígbà tí a bá fà á le lórí gúlóòbù ni ọ̀nà tí ó kúrú jù láàárín ìlú méjì. Ọ̀nà náà ni ọkọ̀ òfuurufú máa ń fẹ́ tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀ bí ó ti ṣe é fún wa. Ayé rí rogodo. Bí a bá rìn yí i ká, láti ibi tí a ti gbéra títí a ó fi padà síbẹ̀, nǹkan bí 40,000 kìlómítà ni. Àwọn onímọ̀ pín òbìrípo yìí sí ọ̀nà 360, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì. Bí a bá fi 360 pín 40,000, a ó rí i pé dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111.

Ìlà kan wà tí wọ́n fà yí ayé ká ní agbedeméjì, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Láti ìlà náà ni a ti ń ka dígírì lọ sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 6 àti ààbọ̀ sí àríwá rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù sì wà ní nǹkan bíi dígírì 51 àti ààbọ̀. Bí a bá yọ ti Èkó kúrò nínú ti Lọ́ńdọ̀nù, dígírì 45 ni yóò kù. Ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ńkọ́? Ìlà tí ó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ayé fi ṣe òdo, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò sí i ní ìpàdé Washington ní ọdún 1884. Èkó kò ju dígírì 3 àti díẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn ìlà yìí. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá kúrò ní Èkó tí ó sì kọjú sí àríwá ṣánṣán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, a kò níí ṣìnà púpọ̀ bí a bá fi dígírì 45 yẹn nìkan ṣírò: 45 lọ́nà 111 jẹ́ 4,995. Ó ku kìlómítà márùn-ún kí ó pé 5,000.

Ọ̀nà mìíràn wà láti fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Dígírì 45 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ 360. Ìdá kan nínú mẹ́jọ 40,000 kìlómítà sì jẹ́ 5,000. Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ayé.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé iye kìlómítà náà gún régé báyìí. Kì í ṣe èèṣì. Ní ìparí ọ̀rúndún 18, nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ń wá ìwọ̀n tuntun, wọ́n pinnu pé kí mítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ọ̀nà tí ó ti ìpẹ̀kun ayé ní àríwá wá sí ìlà agbedeméjì. Nítorí náà ni ọ̀nà yẹn fi jẹ́ 10,000 kìlómítà. Dígírì 90 sì ni. Àwọn atukọ̀ ní ìwọ̀n tiwọn. Wọ́n pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 60, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máìlì ojú omi, èyí tí ó jẹ́ 1,852 mítà. Máìlì yìí ni àwọn tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú ṣì ń lò. Dígírì 45 lọ́nà 60 jẹ́ 2,700. Iye máìlì tí awakọ̀ yóò kà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, bí ó bá lè lọ tààrà.

Ìkìlọ̀ kan: ìṣirò kíákíá yìí dára fún ìlú méjì tí ọ̀kan wà ní àríwá èkejì gan-an. Bí ìlú kejì bá yà lọ sí ìwọ̀-oòrùn tàbí ìlà-oòrùn, ẹ padà sí òwú àti gúlóòbù. Òwú ni yóò fi hàn yín pé Èkó sí New York ju 8,000 kìlómítà lọ. Òun náà ni yóò fi hàn pé ẹni tí ó bá wọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Los Angeles yóò kọjá lórí yìnyín ilẹ̀ Greenland, ohun tí àwòrán ara ògiri kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta: Ohun tí ó wà lábẹ́ òwú náà

Bí a bá tẹ̀lé òwú náà láti Èkó, yóò gba apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní agbègbè Òkè Ògùn, yóò wọ àríwá orílẹ̀-èdè Benin, yóò sì kọjá ní Niger àti Mali. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Algeria. Algeria yìí nìkan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán yóò wo iyanrìn títí yóò fi sùn, nígbà tí ó bá jí, iyanrìn ni yóò tún rí. Lẹ́yìn náà ni Òkun Mẹditaréníà, etí ilẹ̀ Sípéènì, àwọn òkè tí ó pààlà Sípéènì àti Faransé, ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, omi tóóró kan, kí a tó rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ lè yà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì nítorí ojú ọjọ́, tàbí nítorí ọ̀nà tí àwọn aláṣẹ òfuurufú bá là sílẹ̀ fún un.

Àwọn oníṣòwò tí ó fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ yìí kọjá ní ayé àtijọ́ a máa lo oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí méjì péré ni àwa fi ń kọjá lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Algeria, tí a ó sì máa bínú pé oúnjẹ tí wọ́n gbé fún wa tutù.

Ìkẹrin: Bí wákàtí mẹ́fà ṣe di mẹ́fà

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá máa ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan, ní ibi tí ó ga ju kìlómítà mẹ́wàá lọ sókè. Bí a bá fi 900 pín 5,000, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33 ni yóò jáde. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń sọ wákàtí mẹ́fà, tàbí mẹ́fà àti ààbọ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àtẹ àkókò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí èrò gbà wọ̀ ọ́, ó sì parí nígbà tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde. Ọkọ̀ yóò rìn lórí ilẹ̀, yóò tò sẹ́yìn àwọn mìíràn, kí ó tó gbéra. Ìdí kejì ni pé kì í sá eré 900 nígbà tí ó bá ń gòkè àti nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí kẹta ni pé ojú ọ̀nà kì í ṣe tààrà bí òwú olùkọ́ wa.

Ìdí kẹrin ni afẹ́fẹ́. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá ayé, afẹ́fẹ́ líle kan wà tí ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó lọ sí New York ń dojú kọ afẹ́fẹ́ yìí. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò ti ì lẹ́yìn. Nítorí náà ni àlọ fi máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, ìyàtọ̀ náà sì lè tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbá ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìkarùn-ún: Aago ti Èkó àti aago ti ọ̀dọ̀ wọn

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá fi 24 pín dígírì 360, a ó rí i pé dígírì 15 ni wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni dígírì kọ̀ọ̀kan. Dígírì 3 àti díẹ̀ tí ó wà láàárín Èkó àti Greenwich kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lọ. Bí ó bá jẹ́ oòrùn nìkan ni a ń tẹ̀lé, ìṣẹ́jú 13 yìí ni Èkó ìbá fi ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n òfin ni ó ń yan aago. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich ní gbogbo ọdún. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan láti Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà náà, aago kan náà ni ìyá ní Èkó àti ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ń wò. Nígbà òtútù, tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà yàtọ̀. Nígbà òtútù, bí agogo mẹ́jọ alẹ́ bá lù ní Èkó, agogo méjì ọ̀sán ni ní Toronto, agogo kan ọ̀sán sì ni ní Houston. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí ọmọ tí kò gbé tẹlifóònù yín. Ó lè jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ó wà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má pe ìyá yín ní agogo méjì òru kí ẹ sì ní ẹ̀ ń kí i. Kí ó tó mọ̀ pé kíkí ni, ẹ̀rù ti bà á.

Ìkẹfà: Ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì kò kọ

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa. Ní oṣù Kejì ọdún 1994, a wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àlùfáà. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tẹ̀ wá láago láti ilé. Ó ní, "Àbúrò, ara Màmá kò yá. Wọ́n ń béèrè rẹ." A béèrè bí àìsàn náà ti le tó. Ó ní dókítà ti rí wọn, wọ́n sì ti jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Ìdánwò kan wà fún wa ní Ọjọ́ Ẹtì. A ṣírò rẹ̀ lọ́kàn wa pé wákàtí mẹ́fà péré ni. A ní kí ẹ̀gbọ́n bá wa sọ fún Màmá pé a ó dé ní Ọjọ́ Ajé.

A ṣe ìdánwò ní Ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta a ra ẹ̀bùn díẹ̀, àti súwẹ́tà kan tí ó nípọn, nítorí òtútù ọyẹ́ a máa mú Màmá. Ní Ọjọ́ Àìkú a lọ sí ilé ìsìn, a sì ní kí ìjọ bá wa gbàdúrà.

Ní Ọjọ́ Ajé, a jáde nílé ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ aago Lọ́ńdọ̀nù, tí í ṣe agogo méje nílé. Ọkọ̀ gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Kò jẹ̀bi kankan. Àárín wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ó gbé wa dé Èkó, bí a ti kọ ọ́ sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a fi gba ẹrù wa tí a sì jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Ìlú wa wà ní agbègbè Èkìtì, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà náà nígbà yẹn mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n kì í gbà á lóru. A sùn ní Èkó. Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun a wọ ọkọ̀, táyà kan bẹ́ lójú ọ̀nà, a sì dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní agogo kan ọ̀sán. Ẹ bá wa kà á: láti agogo méje òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé sí agogo kan ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 30 gééré ni. Ọ̀nà tí ó kù lẹ́yìn Èkó kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ọkọ̀ òfuurufú gbé wa rìn, síbẹ̀ wákàtí méje ni a lò lórí rẹ̀, láìka oru tí a fi dúró dè é.

A bá àga ní ìta gbangba. Ẹ̀gbọ́n wa dìde, ó di ọwọ́ wa mú, kò sọ̀rọ̀. Màmá ti lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n sọ fún wa pé láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ti ń ní kí wọ́n gbé àga àwọn sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé àwọn ń retí ẹnìkan. Súwẹ́tà náà wà nínú àpò wa.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀nà náà, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀, bóyá a kì bá tí dúró ṣe ìdánwò. Ẹ̀rù ọ̀nà ìbá ti lé wa dìde. Wákàtí mẹ́fà yẹn ni ó fọkàn wa balẹ̀ tí a fi jókòó. Ìdánwò tí a dúró ṣe, a yege nínú rẹ̀. A kì í sọ ọ́ fún ènìyàn.

Ìkeje: Ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ náà

Ní ọdún 1821, àwọn ológun kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọmọ náà ni Àjàyí, ẹni tí ó di Samuel Crowther, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní ọdún 1822. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Bí a bá na òwú láti Òṣogùn dé Freetown lónìí, kò tó 2,000 kìlómítà, ọkọ̀ òfuurufú kò sì níí lo ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ lórí rẹ̀. Ọdún 25 ni ó gba ìyá àti ọmọ. Ìwọ̀n ilẹ̀ kọ́ ni ó yà wọ́n, nítorí ilẹ̀ náà kò yí padà. Ogun, àìsí ọ̀nà àti àìsí ìròyìn ni ó yà wọ́n. Àwa tí a ní ọ̀nà, tí a sì ní ìròyìn lójoojúmọ́, kí ni ó ń yà wá?

Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì náà mọ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí ó sì mọ̀ pé ìlọ òun ti súnmọ́, ó kọ̀wé sí Tímótì, ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, ó rọ̀ ọ́ pé kí ó sa ipá rẹ̀ láti tètè dé kí ìgbà òtútù tó wọlé. Ẹni tí ó ti rì sómi rí mọ ohun tí ó ń sọ: bí òtútù bá ti dé, àwọn ọkọ̀ kì í rin òkun náà mọ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún Tímótì iye máìlì tí ó wà láàárín wọn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò tì ni ó sọ fún un.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: 5,000 kìlómítà ni Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú ti dín àkókò rẹ̀ kù, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọgbọ́n tí ó fi fún ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ọkọ̀ ń lò kò ju apá kan ìrìn àjò lọ. Kò sí nínú rẹ̀ iye ọjọ́ tí ènìyàn fi ń sọ pé òun yóò lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe nílé

A kò gbọdọ̀ parí ẹ̀kọ́ láìfún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹ ṣe é pọ̀.

1. Ẹ wá gúlóòbù àti òwú. Ẹ na òwú láti Èkó dé ìlú tí ẹbí yín wà. Ẹ wá bí dígírì ti pọ̀ tó, kí ẹ sì sọ ọ́ di kìlómítà.

2. Ẹ fi 900 pín kìlómítà náà. Ẹ fi wákàtí kan kún un nítorí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fi wé ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì sọ.

3. Ẹ wá ṣírò ìrìn àjò gidi, láti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé òbí: wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ìrìn ọkọ̀, gbígba ẹrù, oru tí ẹ ó sùn bí ilẹ̀ bá ṣú, àti ọ̀nà ilẹ̀. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i.

4. Ẹ yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò lónìí, àti físà fún ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ìwé tí ó ti kú kò ṣeé fi wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ pàjáwìrì, gbígba tuntun sì lè pẹ́ ju ìrìn ọkọ̀ Aureol lọ. Bí agbára bá wà, ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì kan pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò níí fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn.

5. Ìbéèrè ìkẹyìn kò ní ìṣirò nínú. Ta ni ó ń retí rẹ, ọjọ́ wo ni o sì sọ fún un pé o ó dé? Bí o bá lè mú ọjọ́ náà súnmọ́ iwájú, mú un súnmọ́.

Olùkọ́ wa tí ó fi òwú kọ́ wa ti lọ sí ilé rẹ̀. Àwa tí ó kọ́ wà káàkiri ayé lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sì ti òkè òkun wá síbi ayẹyẹ yìí. Ẹ kú àbọ̀. Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, kí ẹ tó padà sí pápákọ̀, ẹ kọ́kọ́ dé ilé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ bá wọn láyọ̀. Àmín.